Pílánẹ́ẹ̀tì Tó Ń Yára Tutù

Dókítà Tí Kì í Fúnni Lóògùn ni wọ́n ń pe obìnrin náà ládùúgbò, orúkọ ọ̀hún sì rò ó. Ìgbà tí aládùúgbò kan gbé ikọ́ wá bá a, ó ní kó má bínú, iṣẹ́ tòun ni láti fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ràgàjì ojú ọ̀run ṣe ń tutù láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó wúkọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, kì í bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà láràárọ̀: "Ọlọ́run, fún ọmọ mi níṣẹ́ tí kò ní tán."

Iṣẹ́ ọ̀hún sì ti fẹ́ tán. Pílánẹ́ẹ̀tì olórùka tí Dókítà ti ń bá fà á fún ọdún mẹ́fà ti pé bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ọdún lójú ọ̀run, ó sì ṣì gbóná. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò lò ju bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ tó fi tutù dé ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lójú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lónìí. Ọ̀gá rẹ̀ fún un di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí ìṣirò náà ò bá bára mu, kó máa lọ sílé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Dókítà tọ́ òkè rẹ̀ wò.

"Màámi, ẹ̀wà yìí ti tutù."

"Òkè ló tutù. Ṣọ́ra fún ìsàlẹ̀."

Ìgbà wo ló gbọ́ràn rí? Ó ki ṣíbí bọ ìsàlẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ahọ́n bó.

"Ẹ ò pò ó pọ̀ ni?"

"Ta ni kó pò ó? Mi ò fọwọ́ kàn án látìdájí. Ṣé èyí tó ki nísàlẹ̀ á kàn dìde fúnra ẹ̀ wá sókè ni?"

Dókítà yọ ahọ́n sílẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà, kó lè rọrùn, ó ti kọ ọ́ sínú ìṣirò rẹ̀ pé gbogbo inú pílánẹ́ẹ̀tì náà pò pọ̀ látòkè délẹ̀, tí ooru sì ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí àwọn oníṣẹ́ náà ṣe sábà máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ló fi yẹ gbogbo òǹkà yòókù wò, kò fọwọ́ kan ìlà kan yẹn.

Ó sáré lọ síbi iṣẹ́ láìjẹun. Ó pa ìlà náà rẹ́, ó fi ohun tó wúwo sísàlẹ̀ ní ipele-ipele, kí ooru máa fi sùúrù jò jáde. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, pílánẹ́ẹ̀tì náà ti fara balẹ̀ dàgbà dé bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀.

Ọ̀gá ka bébà ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì. "Kí ló gbé e sí ọ lọ́kàn?"

"Ẹ̀wà ni, sà."

Ọ̀gá náà wò ó títí bíi ti aládùúgbò ọjọ́sí, ó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Inú Dókítà dùn débi pé, nígbà tó délé, ó gbàgbé láti jókòó kó tó ròyìn fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìgbà wo ló máa wá tutù tán pátápátá?"

"Ó ṣì ku ọ̀pọ̀lọpọ̀ bílíọ̀nù ọdún, Màámi."

Ìyá dijú.

"Ọlọ́run, o ṣé. Mo ní kó o fún un níṣẹ́ tí kò ní tán lóòótọ́, àmọ́ mi ò ní kó pọ̀ tó báyìí."