Baba Ẹ-Sún-Díẹ̀ àti Ìjókòó Ẹgbẹ̀rún Kan

Bàbá yọ pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, ó fi ahọ́n kan ṣóńṣó rẹ̀, ó wò ó bí ẹni ń wo ìṣó tó wọ́, ó sì dá a padà sẹ́yìn etí láìkọ ohunkóhun. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mọ ohun tí pẹ́ńsùlù yẹn ń sọ. Bàbá òun fẹ́ jiyàn, kò sì sí ibi tó ń kánjú lọ.

Ẹni tó fẹ́ bá jiyàn ni olùyẹ̀wò tí àjọ líìgì rán wá. Ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè sí líìgì àgbà ni, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Pápá wọn kò ju pápá lọ. Páànù bo ìlà bẹ́ńṣì mẹ́ta, oòrùn bo ìyókù. Obìnrin kan wà tó ń wo igun òsì láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ti bọ́ sínú ìkòkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Òfin àjọ kò fi ti ìkòkò ṣe. Pápá tí kò bá ní ìjókòó ẹgbẹ̀rún èèyàn, a kì í gbá líìgì àgbà níbẹ̀. Ìlú ńlá tó jìn ní ìrìn wákàtí mẹ́ta ni wọn yóò ti máa gba àlejò, bí ẹni tó ya pálọ̀ onípálọ̀ ṣe ayẹyẹ. Àwọn arúgbó tó ti ń wo ẹgbẹ́ náà láti ìgbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù kò tíì ní bàtà kò ní í rí wọn mọ́, àfi kí wọ́n máa gbọ́ wọn nínú rédíò. Akọ̀wé ló kọ lẹ́tà sí àjọ pé ìjókòó ẹgbẹ̀rún kan ló wà. Ó bu ọwọ́ lù ú pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀ ló sọ fún un bẹ́ẹ̀, òun sì ni káfíńtà tó kan gbogbo bẹ́ńṣì ibẹ̀ láti orí èyí àkọ́kọ́.

Olùyẹ̀wò na téèpù láti àárọ̀ títí òógùn fi mu kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní òun kàn ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni. Sẹ̀ǹtímítà márùndínláàádọ́ta ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín gbogbo bẹ́ńṣì báyẹn, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún èèyàn ó lé ogójì ló máa jókòó. Ó ku ọgọ́ta.

"Ìdí ta ni wọ́n fi wọn ìyẹn?" Bàbá béèrè.

Olùyẹ̀wò ní bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn.

"Ìwé kì í jókòó, ọ̀gá."

Ó wá ṣàlàyé. Òun kò fi ìwé wọn èèyàn rí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa wo bọ́ọ̀lù, òun á pè é sí ìsọ̀ òun, òun á ní kó jókòó lórí pákó, òun á sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Télọ̀ gba ààyè ìdajì èèyàn. Oníbúrẹ́dì gba ti èèyàn kan àbọ̀. Òun fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì di èèyàn méjì géérégé. Báyìí ni òun ṣe ṣe é dé orí ẹgbẹ̀rún. Olùyẹ̀wò ní kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí ojú òun bá rí ni òun máa kọ.

"Akọ̀wé," ni Bàbá wí, tí kò tilẹ̀ wo ojú ọmọ rẹ̀, "lọ pe ìlú wá."

Ó lọ. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó gba ibi iṣẹ́ bíríkì, ó gba ilé ìwòsàn, ó sì kan gbogbo ilẹ̀kùn tó wà lójú ọ̀nà. Bí ó ti ń rìn ló ń ronú irú lẹ́tà tí wọ́n fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àjọ líìgì. Kí wákàtí kan tó pé, eruku ti sọ lójú ọ̀nà pápá. Àwọn oníbíríkì wá pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́. Oníbúrẹ́dì wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lójú. Télọ̀ wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tètè rí i.

Bàbá ń lọ láti ìlà dé ìlà. Kò bẹ̀bẹ̀, kò jágbe. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní.

"Ẹ sún díẹ̀."

Wọ́n á sún.

Olùyẹ̀wò rí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó ní ọmọdé ni àwọn wọ̀nyí, wọn yóò dàgbà, wọn yóò sì fẹ̀. Bàbá gbà pé òótọ́ ni. "Ṣùgbọ́n nígbà yẹn," ó ní, "àwa á ti rù."

Nígbà tí ẹni ọ̀kàndínlẹ́gbẹ̀rún jókòó, nọ́ọ̀sì kan ṣẹ́kù lórí ìdúró. Ẹ sún díẹ̀. Nọ́ọ̀sì jókòó. Olùyẹ̀wò kà á tán, ó mí kanlẹ̀, ó ṣí fáìlì rẹ̀, ó sì ń wá ibi tí yóò fi ìdí lé kó lè kọ̀wé. Bàbá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó wo bẹ́ńṣì ìlà kẹfà. Ó yọ pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí.

"Ẹ sún díẹ̀."

Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹyọ kan ni olùyẹ̀wò kọ ránṣẹ́ sí àjọ.

Títí di òní, tí Bàbá ti lọ sinmi, ìtàn yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ fún un ti bọ́ sọnù lẹ́nu ìlú. Ẹ-Sún-Díẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú pè é bẹ́ẹ̀ nígbà kan tí inú bí i, ó sì sún.

Ẹni tó ń ta pákó nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ orúkọ náà. Bí Bàbá bá fẹ́ ra pákó, kì í bínú, kì í bú onípákó, kì í sì í fi owó kún iye tó kọ́kọ́ pè. Á kàn jókòó lórí pákó tó wù ú ni. Á gbé oúnjẹ rẹ̀ wá láti ilé. Á kí gbogbo oníbàárà tó bá wọlé, á bi wọ́n léèrè ará ilé, àmọ́ kò ní í dìde. Ta ló fẹ́ ra pákó tí àgbàlagbà jókòó lé? Ní ọjọ́ kẹta, onípákó fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbé e lọ ní iye tó fẹ́.

"O ṣeun," ni Bàbá wí. "Wá bá mi gbé e, ó wúwo."

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé Bàbá kò rí góòlù kan rí láyé rẹ̀. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, á mú òòlù, á kó ìṣó sí àpò, á sì wọ abẹ́ bẹ́ńṣì lọ. Ó ní àwọn èèyàn máa ń fò bí inú wọn bá dùn, pákó ò sì mọ̀ pé inú wọn ló dùn. Nígbà tí góòlù tó gbé wọn gòkè wọlé, ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, gbogbo pápá fò sókè, wọ́n sì jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé sáré gba ẹ̀yìn, omi lójú, ó ń wá bàbá rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń rá jáde, òwú aláǹtakùn lórí, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Kò sí èyí tó kán," ó ní.

Akọ̀wé ní, Bàbá, a ti gòkè, a ti bọ́ sí líìgì àgbà. Bàbá gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Ìjókòó mélòó ni wọ́n ń béèrè lọ́hùn-ún?"

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ń sọ ìtàn eré jù ú lọ. Lábẹ́ bẹ́ńṣì ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún un, ó ní, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Bí àwọn tó wà lápá òsì bá kọ́kọ́ dìde, apá òsì ni bọ́ọ̀lù ti wọlé. Bí wọ́n bá dìde díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n tún jókòó, gólì ló gbá a mú. Bí wọ́n bá ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, eré ti sú wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí àwọn máa fi etí káfíńtà gbá bọ́ọ̀lù. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí nǹkan le, ní àkókò ìsinmi ìdajì eré, wọ́n rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó tẹ̀ba lẹ́yìn bẹ́ńṣì, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lábẹ́ pákó. Nígbà tó padà, ó yọ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún. Bàbá ti sọ fún un pé láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, kò sí ẹni tó tíì gbé ìdí kúrò lórí bẹ́ńṣì lápá ibẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bá wọn lọ sí ìlú ńlá, sí pápá tó gba ọ̀kẹ́ méjì èèyàn. Akọ̀wé fẹ́ kó rí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn àga ibẹ̀, rọ́bà pupa, nọ́ńbà lẹ́yìn, wọ́n fi ìdè irin dè wọ́n mọ́lẹ̀. Kí eré tó gbóná, ẹ̀ṣọ́ kan bá bàbá àgbà kan tó dọ̀bálẹ̀ láàárín àga, tó ń yọjú wo ìsàlẹ̀ wọn. Ẹ̀ṣọ́ bi í pé kí ló sọnù.

"Mò ń wá orúkọ ẹni tó ṣe é."

Ẹ̀ṣọ́ ní kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bàbá dìde, ó sì jókòó. Nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n ń padà, akọ̀wé bi í pé báwo ló ṣe rí pápá àwọn ọlọ́rọ̀ sí. Àwọn àgbà kúkú sọ pé ibi tí ìfẹ́ bá wà, awọ èkúté gba èèyàn mẹ́fà jókòó, Bàbá a sì máa sọ pé òun ò ní awọ èkúté, pákó ni òun ní. Lọ́jọ́ yẹn kò pa òwe kankan.

"Ó tóbi," ó ní. Ó wo ìta fèrèsé. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan ò lè sún fún ẹnì kejì níbẹ̀."

Ọ̀sán gangan ni Bàbá lọ sinmi, ní ìdajì ọdún àkọ́kọ́ wọn ní líìgì àgbà, nínú ìsọ̀ rẹ̀, lórí àga, èérún pákó lórí ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣe ìkẹgbẹ̀rún ní pápá lọ́jọ́sí ni wọ́n pè. Ó ní Bàbá kò jókòó sí àárín àga náà. Ó fì sí apá kan, bí ẹni tó fi ààyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, akọ̀wé mú òòlù àti ìṣó, ó wọ abẹ́ bẹ́ńṣì. Kò tíì débẹ̀ rí. Gbogbo ìlà pẹ́ńsùlù ló wà níbẹ̀, méjì méjì, orúkọ láàárín wọn. Télọ̀. Oníbúrẹ́dì. Ìyá oníkòkò, tí kì í kúrò ní ilé ìdáná rẹ̀ rárá, ní ààyè pẹ̀lú, bóyá yóò wá lọ́jọ́ kan. Ó rí tirẹ̀: ìlà méjì tó súnmọ́ra, ti ọmọ ọdún méje, àti ìlà méjì mìíràn níta wọn, àti méjì mìíràn. Ní ìparí ìlà kẹfà ó ka "olùyẹ̀wò". Ó wá ti bàbá rẹ̀ láti ìlà kìn-ín-ní dé ìlà tó kẹ́yìn. Kò rí i.

Ọjọ́ tí wọ́n gbá eré tó kẹ́yìn ọdún náà, pápá kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn ará ìlú ńlá ni àlejò, ẹgbẹ́ náà sì nílò góòlù kan ṣoṣo kí wọ́n tó lè dúró sí líìgì àgbà. Ní ìdajì eré kejì, ọkùnrin kan wọlé láìní fáìlì, láìní téèpù. Olùyẹ̀wò ni. Ó dúró ní ìparí ìlà kẹfà, ó kí akọ̀wé, ó ní òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Ìlà náà ti kún. Akọ̀wé la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Kó tó sọ ọ́, wọ́n ti sún.

Olùyẹ̀wò jókòó. Ó bá ààyè náà mu bí ìka ṣe ń bá òrùka mu, ó sì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹnu yà á. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí gbogbo pápá fò sókè, tí wọ́n sì jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn arúgbó ń dì mọ́ àwọn oníbíríkì. Akọ̀wé nìkan ni kò wo inú pápá. Ó dorí kodò, ó na àtẹ́lẹwọ́ sórí bẹ́ńṣì, ó ń gbọ́.

Ariwo pọ̀. Olùyẹ̀wò kígbe sí i létí, ó bi í pé ta ló gbá a wọlé.

"Kò sí èyí tó kán," ni akọ̀wé wí, ó mú òòlù rẹ̀ nílẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn bẹ́ńṣì lọ.