Obadiah Crane àti Ìwé Ìbò Aláwọ̀ Búlúù

Títí dòní, bí a bá ti dárúkọ Obadiah Crane tó ń rán akẹtẹ̀ nílùú wa, Marlow's Bend, ẹ̀rín la kọ́kọ́ ń rín. Òun ló du ipò olórí ìlú, tó sì lọ dìbò fún ẹni tí wọ́n jọ ń dù ú.

Láyé ìgbà náà, ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ ìwé ìbò tirẹ̀. Yẹ́lò ni ti Obadiah, búlúù ni ti Lemuel Pratt alápatà, ojú gbogbo ayé lèèyàn sì ti ń jù ú sínú àpótí. Obadiah dé, ó ṣí akẹtẹ̀ kí gbogbo èèyàn, ó mú búlúù.

"Obadiah, ojú ń dùn ọ́ ni? Tiwa kọ́ nìyẹn!" Ará ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló ké bẹ́ẹ̀.

"Ojú mi dá ṣáká. Ọmọlúàbí kì í dìbò fún ara rẹ̀."

Pratt ńkọ́? Pratt dìbò fún Pratt. Ìbò kan ṣoṣo ló sì fi borí Obadiah.

Keziah ìyàwó Obadiah fárígá. "Ọ̀gbẹ́ni Crane, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ yín lẹ ti ń wá ipò yìí. Ẹ wá gbé e fún alápatà!"

"Ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un, Keziah."

"Ó dáa. Ọ̀wọ̀ náà lẹ ó jẹ lálẹ́ yìí."

Ó dun Obadiah wọra. Ó ti ń lálàá pé òun ni yóò fi òkúta tẹ́ ojú pópó wa, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ àwọn ìyá arúgbó. Síbẹ̀, òun náà ló rán akẹtẹ̀ tí Pratt dé lọ́jọ́ tó gba ipò. Ó wọn orí ọkùnrin náà, ó mí kanlẹ̀.

"Lemuel, orí rẹ tóbi ju ìbò tó o fi wọlé lọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, òun àti pásítọ̀ tuntun pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ kọ́kọ́ wọlé." "Rárá o, ẹ̀yin ni." Gbogbo orin táwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ni wọ́n kọ tán, kí Keziah tó jáde wá ti àwọn méjèèjì wọlé.

Lọ́dún tí Obadiah kú, kò sẹ́ni tó bá Pratt du ipò mọ́. Pratt wá sídìí àpótí, ó ṣí akẹtẹ̀ tí Obadiah rán fún un yẹn, ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ kan sórí ìwé ìbò. Akọ̀wé yọjú wò ó.

"Ọ̀gá, Obadiah ti kú o."

"Mo mọ̀. Ìgbà tó wà láàyè ló dìbò fún mi."

Nígbà tí Keziah gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba ojú pópó tí Pratt ti fi òkúta tẹ́ lọ sí itẹ́ òkú, bàtà rẹ̀ ò sì lẹ́rẹ̀ rárá.

"Ọ̀gbẹ́ni Crane," ló wí, "ìbò kan tó kù fún yín ti dé."