Àyànṣọlá Kì í Ṣe Àlejò ní Ibi Iṣẹ́ Yẹn

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù tó kọjá ni dísìkì fọ́ lára ẹ̀rọ tí Àyànṣọlá fi ń gé irin ní Abobo, àdúgbò kan nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé. Àfọ́kù kan wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Valéry, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi dí ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n gbé e sínú takisí wôrô-wôrô. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni.

Ọ̀gá rẹ̀, Abdul-Ganiyu, sọ fún ọlọ́pàá pé àlejò ni. Ó ní ọkùnrin náà kàn yà kí àwọn ni, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú àlejò tó jẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi jó irin níbẹ̀. Òun ló ṣe irin ojú fèrèsé ilé mi, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ náà, mo dúró tì í, mò ń wòran. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró ní ọ̀kánkán dísìkì. Tó bá fọ́, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀."

"Ṣé ó máa ń fọ́ ni?"

"Ó máa ń fọ́ tí èèyàn bá fojú di í."

Ó na dísìkì náà sí ìmọ́lẹ̀ kó lè rí i bóyá ó ti sán. Ó fi nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ hàn mí: eré tó lè sá nìyẹn, ẹ̀rọ tó bá ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ fi sí i. Ó ní èyí tó fẹ́lẹ́ wà fún gígé, èyí tó nípọn wà fún lílọ̀, ẹni tó bá fi ẹ̀gbẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́ lọ irin ń wá wàhálà. Ó fọwọ́ kan irin tó bo dísìkì lórí, ó ní, "Èyí ló ń gbà mí." Ó wọ jíǹgí ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ mú, kò sì gbé e sílẹ̀ títí dísìkì fi dúró pátápátá. Nígbà tó parí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo irin náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tún lọ gbogbo ibi tó mú. Mo ní ó ti dáa tó. Ó ní, "Àwọn ọmọ á máa di ibí mú, Àǹtí."

Ṣé ẹni yìí ni kò mọ ẹ̀rọ lò?

Valéry ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, ó sì ní kí n kọ orúkọ òun síbí. Ẹ̀rọ ńlá wọn ló jóná. Abdul-Ganiyu wá mú dísìkì ẹ̀rọ ńlá náà, ó fẹ́ fi sí èyí tó kéré, tó ń sáré jù ú lọ. Ìbòrí ẹ̀rọ kékeré náà kò gba dísìkì ọ̀hún. Ọ̀gá bá yọ irin ìbòrí náà dànù.

Àyànṣọlá ní, "Ọ̀gá, dísìkì yìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ yìí. Ó máa fọ́. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ wá tirẹ̀ ní ọjà Adjamé."

"Oníbàárà ń dúró. Gbogbo Abobo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Nígbà tí Àyànṣọlá kò gbé e, ó ní, "Àbí o kò fọkàn tán mi mọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ká a lápá kò. Abdul-Ganiyu ló mú un wá láti Èjìgbò. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló dúró bíi bàbá níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé òun kò fọkàn tán an? Ó gbé ẹ̀rọ náà.

Nígbà ìsìnkú, Abdul-Ganiyu dúró níwájú gbogbo wa, ó ń sunkún. Raliatou, ìyàwó olóògbé, gbára lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Raliatou lọ gba ìwé ìjàǹbá ibi iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Akọ̀wé yẹ ìwé wò, ó ní, "Madame, orúkọ rẹ̀ kò sí láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Visiteur, àlejò, ni wọ́n kọ."

Raliatou kò pariwo nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní, "Ẹni tó wá tọrọ mi fún ọkọ mi ló wá pè é ní àlejò."

Ó lọ bá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Wọ́n ní kó ṣe sùúrù, pé ọ̀rọ̀ ilé kò gbọ́dọ̀ dé ìta. Ilé wo? Ilé tó sin ọkọ rẹ̀, tó sì sẹ́ ẹ? Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Valéry wà níwájú wọn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára. Ó sọ fún mi pé, "Tantie, wọn kò bi mí ní nǹkan kan."

Mo lọ bá Abdul-Ganiyu fúnra mi. Ó fún mi ní àga. "Àkókò rẹ̀ ló tó, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni." Ẹ̀rọ kékeré náà ń ké lẹ́yìn rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀, dísìkì ńlá wà lára rẹ̀, kò sí ìbòrí kankan. Ṣé Ọlọ́run ló tú u?

Kí Abdul-Ganiyu padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó sọ lójú Raliatou pé òun lòun yọ irin náà, òun lòun pàṣẹ. Kí wọ́n pe Valéry, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kí wọ́n pa visiteur rẹ́ nínú ìwé yẹn, kí wọ́n kọ òṣìṣẹ́ síbẹ̀. Kí àwọn tí ìjọba gbà láti máa yẹ ibi iṣẹ́ wò sì gbéra lọ sí Abobo lónìí, kì í ṣe lọ́la, kí wọ́n gba ẹ̀rọ yẹn. Valéry ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ báyìí.