Apẹ̀rẹ̀ Gbànja Tó Ń Dúró De Alhájì

Nígbà tí rédíò kéde pé orílẹ̀-èdè Nìjẹ́ẹ̀ ń kúrò nínú ẹgbẹ́ tó so àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ nídìí òwò, abẹ́ àtíbàbà la wà ní abúlé wa lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, èmi àti obìnrin mẹ́fà, à ń ṣa obì. Kò sí ẹni tó dáwọ́ dúró. A ò ṣe ẹgbẹ́ kankan ju àsàlátù ọjọ́ Àìkú lọ, báwo ni ti ẹlòmíràn ṣe máa kàn wá?

Bàbá Kàmọ́rù ló gbé rédíò náà wá. Àwọn ló ni oko obì tó tóbi jù lábúlé wa, wọn kì í sì í gbọ́ ìròyìn kí wọ́n má dá a lẹ́jọ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ," ni wọ́n wí. "Ṣebí àwọn ló ń jẹ obì, àwa la ni igi."

Sùwẹ́bá ló kéré jù nínú wa, òun náà ni ẹnu rẹ̀ mú jù. Ó ní, "Bàbá, bí àwọn tó ń jẹ ẹ́ bá lọ, ta ni yóò wá jẹ ẹ́?"

"Wọ́n á padà wá. Obì ò ní jẹ́ kí wọ́n gbádùn."

A rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá wọn wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ọgbọ́n kún inú rẹ̀. Mo ní, "Ìjọba wọn ló kúrò. Alhájì ò kúrò." Gbogbo wọn mi orí, iṣẹ́ sì ń lọ.

Alhájì Sààní ni oníbàárà wa, ọmọ Màràdí ní Nìjẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé tírélà wá lọ́dọọdún, tí yóò ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí yóò sì san owó iṣẹ́ wa lọ́jọ́ tó bá kó ẹrù. Kò pa ọdún kan jẹ rí. Nígbà tí ìyá ọkọ mi kú, òun ló kọ́kọ́ dé láti ọ̀nà jíjìn, kí àwọn ẹbí tó wà ní Ìbàdàn tó rántí wọ mọ́tò.

Ìyá ọkọ mi yìí ló kọ́ mi níṣẹ́. Gbànja là ń ṣe, obì tí àwọn Hausa ń pè ní góòrò. Bí wọ́n bá ti là á lóko, a ó rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà la ó tẹ́ ewé gbòdògì sínú apẹ̀rẹ̀, a ó to obì sí i, a ó sì fi ewé bò ó bí ẹni ń bo ọmọ tuntun. Obì tí a bá dì báyìí lè lo oṣù mélòó kan láìbàjẹ́, bí a bá ń tú u wò lóòrèkóòrè, tí à ń pààrọ̀ ewé, tí a sì ń yọ èyí tí kòkòrò ti dá lu.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ kí ẹyọ kan tó ní ihò bíi ti abẹ́rẹ́ wọ inú apẹ̀rẹ̀. Ìyá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹyọ kan péré ni, Ìyá," ni mo wí.

"Ẹyọ kan péré náà ló ń bímọ. Ṣà á látìbẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi."

Mo ṣà á títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo fi máa parí, omi obì ti sọ àtẹ́lẹwọ́ mi di pupa rúsúrúsú. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo fi kànìnkànìn bó o, kò lọ. Ìyá ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Má dààmú ara ẹ. Ọjọ́ tí kò bá lọ mọ́ pátápátá ni iṣẹ́ tó gbà ọ́." Ọwọ́ mi kò funfun mọ́ láti ìgbà náà, inú mi sì máa ń dùn sí i.

Ẹ jẹ́ n padà sí ọ̀rọ̀ wa. Ọgọ́ta apẹ̀rẹ̀ la dì lọ́dún yẹn. Tírélà kò dé. Alhájì pè mí lórí fóònù, ó ní bọ́dà tí wọ́n tì nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Nìjẹ́ẹ̀ ṣì wà ní títì. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó tún pè pé kò sí awakọ̀ tó fẹ́ wá, nítorí kò sẹ́ni tó mọ irú ìwé tí wọn yóò máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tó ń jáde lẹ́gbẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Màá wá."

Láàárín ìgbà yẹn, obìnrin oníṣòwò kan wá láti Moniya, ó fẹ́ kó gbogbo apẹ̀rẹ̀ náà. Iye tó fẹ́ san kò tó ti Alhájì, àmọ́ owó ọwọ́ ni. Bàbá Kàmọ́rù wo ojú mi, nítorí ẹnu mi ni wọ́n ń gbà bá Alhájì dúnàádúrà.

Mo ní, "Obì Alhájì ni." Mo na ọrùn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Sùwẹ́bá já mi léèékánná ní itan, mo ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Oníṣòwò náà kí wa, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mò ń gbọ́ lórí rédíò pé bí orílẹ̀-èdè bá ti ẹgbẹ́ òwò jáde, iṣẹ́ máa ń dín kù. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Iṣẹ́ tiwa pọ̀ sí i ni. Láyé mi, n kò ṣiṣẹ́ obì tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí a bá tú ọgọ́ta apẹ̀rẹ̀, tí a ṣà á, tí a pààrọ̀ ewé, tí a dì í padà, ti àkọ́kọ́ á tún ti tó tú. Owó iṣẹ́ nìkan ni kò sí, nítorí ẹni tó ń san án wà ní Màràdí. Ọgọ́ta di àádọ́ta, ó di ọgbọ̀n. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, òun kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì lọ ń ta búrẹ́dì ní Moniya, mẹ́ta padà sóko ọkọ wọn. Sùwẹ́bá ló kẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, àwọn ọmọ mi ò lè jẹ sùúrù." Ó lọ sí Ajíbọ́dè ní Ìbàdàn, ó ń fọ aṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ṣàdúrà fún un, mo sì wọlé lọ sunkún. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Bàbá Kàmọ́rù tó ni igi ti gé ìdajì rẹ̀ fún àwọn oní-pákó. Wọn kì í gbé rédíò wá sọ́dọ̀ mi mọ́.

Lẹ́yìn Iléyá, ọ̀kadà kan dúró níwájú àtíbàbà. Alhájì ló sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpò aláwọ kan kọ́ èjìká. Ó ti rù.

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín dà?" ló kọ́kọ́ béèrè.

Mo sọ ibi tí kálukú wà. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní kí n di obì sínú àpò náà fún òun, ìwọ̀nba tí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó lè gbé lọ́wọ́. "Bí wọ́n bá bi mí ní bọ́dà, ẹ̀bùn ìyàwó ni màá pè é." Ẹni tó ń gbé tírélà wá rí ló di èrò ìgbéyàwó yìí. Mo tẹ́ ewé sínú àpò, mo ṣa obì náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí Ìyá ṣe kọ́ mi. Kò sí oníhò kankan níbẹ̀.

Bó ṣe lọ tán ni mo pe Sùwẹ́bá lórí fóònù.

"Alhájì wá o," ni mo wí. "Ṣebí mo sọ fún yín pé kò kúrò."

"Tírélà mélòó, Ìyá?"

"Àpò kan."

Mò ń gbọ́ ìró omi níbi tó ti ń fọṣọ.

"Ẹ ò parọ́, Ìyá," ló wí níkẹyìn. "Alhájì ò kúrò. Àwa la kúrò." Ó tún ní, "Ọwọ́ mi ti funfun báyìí. Ọṣẹ ti fọ obì kúrò níbẹ̀."

Mo ní kó kí àwọn ọmọ. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì fa ọ̀kan nínú àwọn apẹ̀rẹ̀ tó kù mọ́ra, ó ti tó tú.