Orúkọ Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Dáhùn Nílé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mò ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ lé bàbá mi lọ sóko lọ́nà Àgọ́-Àmọ̀dù, kò sí ọjọ́ tí mò ń retí bí ọjọ́ iṣu tuntun. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí òórùn iṣu sísun, bí èèpo rẹ̀ ṣe máa ń dúdú tí inú rẹ̀ á funfun, tí a ó fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́, tí epo á máa ṣàn dé ìgúnpá wa. Nílé wa, Ìyá Àgbà ló ń pín in. Àbúrò bàbá tó bí bàbá mi ni, ó ti darúgbó, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀. Kò sí eyín kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò síbi tí ọmọdé fi ẹran pamọ́ sí tí kò ní rí i.

Á pe wá ní oríkì níkọ̀ọ̀kan: Àjọkẹ́, Àlàó, Àṣàkẹ́, Àkànní. Ẹni tó bá pè á dáhùn, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á gba tirẹ̀. Tó bá pè wá tán, á tún pe Àbẹ̀kẹ́. Kò sí Àbẹ̀kẹ́ kankan nínú wa. Á gbé ègé iṣu kan sórí ewé, á ní, “Ó wà lọ́nà.” Ìgbà yẹn la tó lè fọwọ́ kan oúnjẹ.

Lọ́dún kan, ebi ń pa mí, mo sì rí i pé ègé orí ewé yẹn tóbi ju tèmi lọ. Bó ṣe pe Àbẹ̀kẹ́ báyìí, mo nawọ́. “Ìyáà mi, èmi rèé!” Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ò rẹ́rìn-ín rárá. Bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè, títí orúnkún mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò bínú. Ní ọjọ́ kejì ó mú mi lọ ṣa èso igi òrí nínú pápá, ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló bí Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n yẹn kú, ọmọ náà wá bọ́ sọ́wọ́ bàbá Ìyá Àgbà, tó jẹ́ àbúrò. Ogun wà lóde, gbogbo ọkùnrin ló ń wá ìbọn. “Bàbá mi ló fà á lé àwọn tó ń kó èèyàn lọ sétí òkun lọ́wọ́,” Ìyá Àgbà wí, “ó gba ìbọn kan. Ó délé, ó ní ogun ló kó o lójú ọ̀nà oko.” Ìgbà tí bàbá yẹn ń kú lọ ló tó jẹ́wọ́. Ó ní kí wọ́n máa pe orúkọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà má kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó máa bá ìyá mi ná ọjà Ṣakí. Orúkọ àwọn odò òkè òkun ni tíṣà wa ń kọ́ wa, a ń kà á bí orin. Ẹ̀yìn ilé ìwé yẹn gan-an sì ni yàrà wà, kòtò gígùn tí àwọn bàbá wa gbẹ́ yí ìlú ká nítorí ogun. Mo bi tíṣà pé ta ló gbẹ́ ẹ. Ó ní kò sí nínú ìwé, kí n lọ ro koríko. Mo lọ ro koríko.

Báyìí, ọmọ ọmọ mi, Sẹ̀míátù, ti di tíṣà ní Amẹ́ríkà, nílùú kan tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Ó ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àwọn èèyàn dúdú ìlú náà gan-an: àdúgbò tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, àwọn tó kọ́ afárá wọn, ẹni tó ṣí ilé ìwé fún ọmọ wọn nígbà tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọ ti àwọn òyìnbó.

“Ṣùgbọ́n tí a bá ti dé etí òkun, Màmá, ọ̀rọ̀ tán,” ó ní. “Wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún kí ọkọ̀ tó gbé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn lórí fóònù.”

Mo sọ fún àbúrò mi, Alájì, tó jẹ́ olórí ilé wa báyìí. Ó fò dìde lórí ẹní.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ tú wa síhòòhò ni? Ẹ ní ogun ló kó o. Ta ló máa já yín nírọ́?”

“Èmi náà ni.”

“Àwọn ọmọ tí wọ́n ta bàbá ńlá wọn lẹ fẹ́ sọ fún pé àwa la tà á?”

“Ta ni ǹ bá tún sọ ọ́ fún, Alájì? Àwọn màlúù tí ò ń sìn?”

Ó bínú jáde. Ẹ má rò pé ọkàn mi balẹ̀. Èmi àti òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Tí mo bá parọ́, irọ́ yẹn ni wọn yóò kọ sínú ìwé. Tí mo bá sọ òótọ́, bóyá àwọn ọmọ yẹn ò ní fẹ́ rí ojú wa mọ́.

Lọ́jọ́ tí Sẹ̀míátù dá fún wa, lẹ́yìn tí a kírun Àílà ọ̀sán tán, fóònù dún. Alájì wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo rí àwọn ọmọ náà lójú fóònù, ojú wọn bí ojú àwọn ọmọ wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀, Sẹ̀míátù ń túmọ̀ rẹ̀. Mo ní n kò mọ ilẹ̀ tí ọkọ̀ gbé Àbẹ̀kẹ́ dé, bóyá tiwọn ni, bóyá ibòmíràn. Mo ní ẹni tó tà á ló bí ẹni tó bí bàbá mi.

Ọmọbìnrin kan wá nawọ́ sókè. Sẹ̀míátù ní, “Màmá, ó ń bèèrè bóyá bàbá yẹn rí oorun sùn lẹ́yìn náà.”

Mo ní n kò mọ̀.

“Kò sùn,” Alájì dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. N kò gbọ́ èyí rí láyé mi. Ó dìde wá síwájú fóònù, fìlà rẹ̀ wọ́. “Bàbá wa sọ fún mi. Ó ní bàbá àgbà náà máa ń pariwo lójú oorun, á máa pe ọmọ yẹn pé kó padà. Sẹ̀míátù, bá mi sọ fún wọn pé kò sùn.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Kí wọ́n má bínú sí wa.”

Ọmọbìnrin náà ní òun máa kọ orúkọ Àbẹ̀kẹ́ sára ògiri kíláàsì wọn, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pè é. Alájì ló kọ́ ọ. Ọmọ náà pè é títí ó fi pè é bí ọmọ Ṣakí, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ayé ti yí. Nígbà tiwa, ẹni tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí jáde, òun ló ba ilé jẹ́. Lónìí, ìyá tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwé ìtòsí wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti bẹ Alájì pé kó máa wá sọ ìtàn ìlú fún àwọn ọmọ. Bó ṣe ń lọ̀ gbáríyẹ̀ kó tó lọ, ẹ ó rò pé ó ń lọ gbéyàwó ni. Àwọn òbí kan ti wá jà, ìyá náà ò dá a dúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ilé kejì kúnlẹ̀ kí mi, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, “Màmá, bàbá àgbà mi ní ilé tiwa náà ta èèyàn kan. Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Báwo la ṣe máa wá a?”

Mo fa àpótí sún mọ́ ọn kó jókòó, mo sì ní kó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ilé wọn láti ibi tí ó mọ̀.