Abẹ́rẹ́ Ra Alùpùpù

Obìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni Abẹ́rẹ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni mí, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Kò ga. Bó bá jókòó sórí àga ilé mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe. Nítorí iṣẹ́ yìí àti nítorí gíga rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Kì í bínú sí i. Ó ní kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ẹsẹ̀ rìn ṣiṣẹ́, àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ìyá kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ lódìkejì ìlú pè é. Ogún ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀. Ìyá náà ní, "Iṣẹ́ rẹ wù mí. Láti oṣù tó ń bọ̀, kó o máa wá yẹ̀ wọ́n wò láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí aago mẹ́jọ tó lù. Bó o bá pẹ́, Òpó ni màá pè."

Iṣẹ́ kan náà ni Abẹ́rẹ́ àti Òpó ń ṣe. Òpó ga, ó ní alùpùpù, ó sì ti gba oníbàárà mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kò gun alùpùpù rí. Ó wá bá mi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ ra alùpùpù."

"Ta ló máa gùn ún?"

Ó wò mí. Mo wọ bàtà mi.

Lọ́jọ́ tí à ń lọ, mo rí i pé ó ga ju ti àná lọ. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì ló wọ̀. Mo ní, "Ṣé èyí lo máa wọ̀ gùn ún lójoojúmọ́?" Ó ní rárá. Mo ní, "Ta wá lò ń tàn?" Ó padà wọlé lọ wọ sálúbàtà tó fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹnu ẹni tó ń ta alùpùpù dùn. Ó mú wa lọ sídìí alùpùpù pupa kan tó tóbi.

"Àǹtí, èyí ló yẹ yín. Ẹ gùn ún wò."

Abẹ́rẹ́ gùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀ pẹrẹsẹ. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ò rí nǹkan? Àfi bí ẹni pé wọ́n wọ̀n yín kí wọ́n tó ṣe é." Èmi náà gbà.

Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú òwú ìránṣọ roboto kan nínú àpò, ó gbé e sílẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, wọ́n á sì ní kò mọṣẹ́. Òwú náà yí, ó yí, ó wọ abẹ́ alùpùpù, ó dúró ti táyà. Inú kòtò tóóró ni táyà rẹ̀ méjèèjì wà, ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ sì ga jù ú lọ. Wọ́n ti gbẹ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ wálẹ̀, kí ẹsẹ̀ ẹni tó bá gùn ún lè tètè balẹ̀.

"Ẹ gbé e jáde sí títì."

"Àǹtí, ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà yín gbọ́. Ilẹ̀ yín ni mi ò gbà gbọ́."

Ní títì, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀. Ọkùnrin náà ní ara rẹ̀ máa mọ́ ọn.

Abẹ́rẹ́ ní, "Ara mi ti mọ́ kúkúrú láti ogójì ọdún. Ẹ wá èyí tó kúrú bíi tèmi."

Ọ̀kan wà lẹ́yìn, ó kéré, àwọ̀ eérú, eruku bò ó. "Ti ọmọdé nìyẹn," ni ọkùnrin náà wí. Abẹ́rẹ́ gùn ún ní títì. Ẹsẹ̀ kan balẹ̀ pátápátá, ìkejì wà lórí bíréèkì. Mo ní ó tó, ẹsẹ̀ kan ni alùpùpù ń béèrè. Mo wá ní ká dà á ṣubú.

"Bàbá, kí lẹ wí?" ni ọkùnrin náà bi mí.

"Bó pẹ́ bó yá, ó máa ṣubú. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ báyìí bóyá Abẹ́rẹ́ lè gbé e."

A rọra tẹ́ ẹ sórí àpò kan. Abẹ́rẹ́ kẹ́yìn sí i, ó dì í mú, ó fi ẹ̀yìn àti itan tì í sókè, bó ṣe máa ń gbé orí ẹ̀rọ ńlá. Alùpùpù dìde. Ó rà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ ọ ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé mi. Ẹ́ńjìnnì ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ títí mi ò kà á mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣubú, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbé e fúnra rẹ̀. Èmi jókòó.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ pé, ó ti tú ẹ̀rọ kan palẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Òun ló sọ ìyókù fún mi. Òpó yà síbẹ̀, bóyá wọ́n á nílò òun. Ó wo alùpùpù kékeré náà.

"Abẹ́rẹ́, ewúrẹ́ lo gùn wá?"

"Ewúrẹ́ ni. Adìyẹ tó fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ mì ló pẹ́ dé."

Ìyá onílé ẹ̀kọ́ gbọ́, ó ní kí Abẹ́rẹ́ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Abẹ́rẹ́ jẹ búrẹ́dì àti ẹyin mẹ́ta, ó sì jẹ ìdajì tèmi.