Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Aláǹtakùn Philemon?

Ejò ló pa Philemon Adédọ̀tun. Ó bù ú jẹ nínú igbó ẹ̀yìn Iyansan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kí wọ́n sì tó gbé e dé Okitipupa, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bàtà kánfáàsì tó ti lu ló wọ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ̀wé béèrè bàtà rọ́bà lọ́wọ́ ibùdó ìwádìí igbó tó ń bá ṣiṣẹ́. Dora ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn mí. Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Àmọ́ níbi ìsìnkú, ọ̀gá ibùdó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní Philemon fi ẹ̀mí rẹ̀ ta ìmọ̀ lọ́rẹ. Ẹ gbọ́ ná, ta ló bẹ̀ ẹ́ kó ta á lọ́rẹ?

Aláǹtakùn ni iṣẹ́ Philemon. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rín in rí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú mi wọ igbó, ìrì ṣì wà lórí ewé. Ó bu láfún sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ fùú síbi tí mo rò pé òfìfo ni, òwú aláǹtakùn bá yọ funfun, odidi ilé. Ó nàka sí onílé, kò ju kóró ata lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra mí. Abo nìyẹn. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń wá ọkọ rẹ̀."

Bí kò bá tíì rí akọ, kò ní kọ ọ́ pé ẹ̀yà tuntun ni. Tó bá rí i, á gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ awò, á wo bí ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣe tò, á yẹ ọwọ́ kékeré tó wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ẹ̀yà kan ti ń yàtọ̀ sí èkejì. Mẹ́rin tí ayé ò mọ̀ rí ló fún lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ Iyansan ìlú wa, inú mi sì dùn débi pé gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni mò ń sọ ọ́ fún.

Inú ìgò sípírítì nirú aláǹtakùn bẹ́ẹ̀ ń gbé, kó má baà jẹrà. Ọdún mẹ́fà ni ibùdó ò fi fún un ní sípírítì. Kí ni kó ṣe? Ó ń lọ sí Ìjù-Odò, lọ́dọ̀ Màmá Aníwúrà tó ń pọn ògógóró, ó ń ra èyí tó kọ́kọ́ ń kán nínú páìpù, tó le jù, á tún lọ sè é kó le sí i. Ẹnu ò sin lára ẹni tó ń gbé gálọ́ọ̀nù ògógóró kiri lọ́jọ́ Ẹtì. Ìjọ gba ipò díákónì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ọ̀mùtí ni. Alàgbà Zacchaeus tó ka ìdájọ́ náà ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ọma náà éè tọ́ ọ wò rí!" Màmá Aníwúrà sọ fún mi, omi lójú rẹ̀. "Uṣẹ́ rẹ̀ n'ó ń rà á fún."

Èmi tí mo mọ̀ ńkọ́? Mo dákẹ́. Ojú ń tì mí.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá báyìí. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni ibùdó ti yàrá iṣẹ́ rẹ̀ pa, wọ́n ní ó di ìgbà tí wọ́n bá gba ẹlòmíì. Mo yọjú lójú fèrèsé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Sípírítì ti fà dé ìdajì nínú àwọn ìgò tí Philemon so òwú pupa mọ́ lọ́rùn. Inú wọn ni àwọn aláǹtakùn àkọ́rí wà, àwọn gan-an tó wò tó fi kọ̀wé. Bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n á rún, kò sì sẹ́ni tó tún lè fojú rí ohun tí Philemon rí. Dora bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kóun bu sípírítì kún un. Wọ́n ní òun kì í ṣe òṣìṣẹ́. Obìnrin tó ti ń bá ọkọ rẹ̀ nu ìgò wọ̀nyẹn láti ọdún mọ́kànlá!

Ọ̀gá, ẹnu yín dùn lójú sàréè. Ẹ wá fi ẹnu náà dá wa lóhùn: ta ló gba lẹ́tà bàtà? Ta ló ní kí wọ́n má ra sípírítì? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ẹ dárúkọ wọn ní gbangba. Ẹ̀yin ìjọ náà, orí pẹpẹ tẹ́ ẹ ti pe olóòótọ́ ní ọ̀mùtí, ẹ padà síbẹ̀ ní Sunday, kẹ́ ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ opó rẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá, ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Lónìí ni, kí Dora wọlé.